Èyí Tí Yóò Là Lọ́la

Èmi ò fẹ́ràn òdòdó. Kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlẹgẹ́ èèyàn ni mí. Alágbàfọ̀ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ ni ọṣẹ, omi, àti áyọ́ọ̀nù tó gbóná débi pé bí omi bá kán sí i lára, á ké ṣàà. Òdòdó tó bá ń gbọn ìrì sára aṣọ aláṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá, ọ̀tá mi ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi fẹ́ràn òdòdó, èmi sì fẹ́ràn ìyá ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń bomi sídìí lílì ní kùtùkùtù òwúrọ̀ nígbà tí iṣẹ́ gidi ń dúró dè mí nínú ilé.

Agbẹ̀bí ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbẹ̀bí fún ìdajì àwọn tó ń gbé àdúgbò wa. Bí a bá jọ ń lọ lójú pópó, àgbàlagbà ọkùnrin onírùngbọ̀n lè yà wá kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Màmá á ní, "Ìwọ tó o fi ẹsẹ̀ wáyé lọ́jọ́sí, ṣé ẹsẹ̀ náà ń rìn dáadáa?" Ojú á ti onírùngbọ̀n, á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìnkùlé ni ọgbà wọn wà, láti ìdí àtẹ̀gùn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn títí dé ògiri. Dáísì funfun wà níbẹ̀, àti róòsì pupa kan tó ti wà kí n tó wọlé ọkọ, àti ewé kan báyìí tó ń yọ òdòdó àlùkò tí oyin fẹ́ràn jù, àti àwọn mìíràn tí mi ò mọ orúkọ wọn, tí mò ń pè ní "ìwọ yìí" àti "ìwọ ọ̀hún." Gbogbo wọn ló jẹ́ irú èyí tí ewé rẹ̀ lè kú kí gbòǹgbò rẹ̀ má kú, tí á tún hù bí àsìkò rẹ̀ bá pé. Màmá kì í gbin èyí tó máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ohun tó bá fẹ́ bá àwọn gbé gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà ilé.

Ààyò wọn nínú gbogbo rẹ̀ ni lílì yẹ́lò. Bí kò bá tíì tanná, koríko lásán ni èèyàn á pè é. Mo ti mú ọkọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọpẹ́lọpẹ́ pé Màmá kígbe. Àárọ̀ ló ń là. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti ká jọ, ó ti rọ, ó parí. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni wọ́n rí nínú òdòdó tí kì í dúró jẹun alẹ́. Wọ́n ní kí n wo ọ̀pá rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pá kan ṣoṣo á ru ìrudi púpọ̀, ńlá àti kékeré, bí ọmọ ìyá kan náà. Ti òní á lọ, àbúrò rẹ̀ á là lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà á máa ní yẹ́lò nínú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tó kù kò ju pé kí èèyàn máa já òdòdó àná kúrò, kó má baà jẹrà mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí alágbàfọ̀ tí kò fẹ́ràn òdòdó fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọkọ mi kú, mi ò tíì bímọ fún un. Àwọn ẹbí jókòó sí pálọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé mo ṣì kéré, kí n máa lọ sílé bàbá mi, kí n má fi ayé mi ṣòfò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Gbogbo wọn mirí. Màmá ò tíì la ẹnu láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi ló kú. Ìyàwó mi ò kú." Wọ́n dìde, wọ́n fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wá bá àwọn bomi rin ọgbà. Mo bomi rin ọgbà, ẹkún ń gbọ̀n mí, mo da omi sí bàtà mi ju ìdí òdòdó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé bàbá mi.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi kì í ṣe ọlọ́ṣà. Nígbà tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Kò lọ lójijì. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kì í ṣe irú èyí tí iṣẹ́ abẹ lè tún ṣe, ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i kó má baà yára lọ. Róòsì pupa ló kọ́kọ́ di dúdú lójú wọn. Òdòdó àlùkò tẹ̀ lé e. Yẹ́lò ló pẹ́ jù. Bí gbogbo ọgbà ti di kùrukùru, wọ́n ṣì ń rí lílì wọn, wọ́n á ní, "Mo rí i, ìyẹn rèé," inú wọn á dùn, inú èmi náà á dùn débi pé mo lè jó. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró níwájú lílì tó là rẹpẹtẹ, wọ́n bi mí pé, "Ṣé kò tíì sí èyí tó là ni?"

Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Wọ́n na ọwọ́, ọwọ́ náà bọ́ sórí òdòdó. Wọ́n rọra fi ìka yí etí rẹ̀ po. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn."

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ wọn ti gba iṣẹ́ ojú. Ẹ má gbàgbé pé ọwọ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ ikùn aboyún wò ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń mú wọn sọ̀kalẹ̀ sínú ọgbà, wọ́n á máa fọwọ́ kan ìrudi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí lọ́la. Èyí ọ̀túnla. Èyí ṣì ń ṣeré, fi í sílẹ̀." Àárọ̀ á sì mọ́, èyí tí wọ́n ní yóò là lọ́la á ti là. Mo kọ́kọ́ rò pé àkọsẹ̀bá ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí wò ó bí ẹni tó ń retí ọmọ tuntun. Èmi tí mi ò fẹ́ràn òdòdó. Èmi máa sọ fún wọn bó ṣe rí, àwọn máa sọ fún mi bó ṣe máa rí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Nínú ilé náà, wàhálà ò sí. Wọ́n mọ gbogbo igun rẹ̀. Èmi kàn gbọ́dọ̀ máa rántí pé kí n má gbé àga kúrò ní àyè rẹ̀, bí mo bá sì gbàgbé, èébú tí mo máa jẹ á kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gba ọ̀nà mìíràn yọ ni ọ̀dọ̀ Ẹyinjúẹgẹ́. Àbúrò ọkọ mi ni, òun nìkan sì lọmọ tó kù fún Màmá. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tí mo wọlé ọkọ, nítorí ojú rẹ̀ kì í fo ìdọ̀tí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é, nítorí ìyàwó ilé ni mí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ó ń ṣe búrẹ́dì nílùú mìíràn, ó sì ń gbé lókè ilé búrẹ́dì rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Wàhálà rẹ̀ ni pé bó bá fẹ́ràn nǹkan, á fẹ́ gbé e sọ́dọ̀.

Ẹnìkan tó fẹ́ràn àtisọ̀rọ̀ ju àtisinmi lọ ló pè é, ó ní Màmá ṣi ẹsẹ̀ gbé ní àtẹ̀gùn iwájú ilé, orúnkún wọn bó. Òótọ́ ni, èmi ni mo sì gbé wọn dìde. Ẹyinjúẹgẹ́ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ìyàwó wa, ṣé màmá mi ń ríran?"

Màmá jókòó tì mí, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Wọ́n ń mi orí sí mi kíákíá pé kí n má sọ.

Mo ní, "Wọ́n ń ríran."

"Dáadáa?"

"Wọ́n ń rí ohun tó yẹ kí wọ́n rí."

"Ó dáa. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Bí mo bá débẹ̀ tí mo bá wọn tí wọn ò ríran, mò ń gbé wọn bọ̀ níbí. Mo ti tún yàrá ṣe. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì."

Mo bi í pé ọgbà ńkọ́. Ó ní òkè pátápátá ni ilé òun, kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun máa ra òdòdó oníke sí yàrá fún wọn. Màmá yí ojú padà bí ẹni tó jẹ ewúro.

Mo mọ yàrá yẹn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí Màmá bá débẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa jókòó sí títí wọ́n á fi pè wọ́n wá jẹun, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà á wá wà níbí, èmi àti aṣọ aláṣọ, nínú ilé tí kò sẹ́ni tó máa bú mi nítorí àga. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò rántí ìgbà tí ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pálọ̀ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irọ́ bí ẹni ń kọ́ orin. Mo sọ bí gbogbo nǹkan ṣe wà fún wọn, ohun tó là, ohun tó rọ, ibi tí mo sá aṣọ sí. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n fọwọ́ wo lílì, wọ́n dúró lé mẹ́ta tó wà nídìí àtẹ̀gùn gan-an, wọ́n ní, "Àwọn wọ̀nyí lọ́la, láàárọ̀ kùtù. Àwọn ni màá fi hàn án. Ìdí àtẹ̀gùn ni, mi ò lè ṣìnà."

Àárọ̀ Sátidé, mo jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo fẹ́ já àwọn òdòdó àná kúrò, nítorí Ẹyinjúẹgẹ́ lè torí òdòdó kan ṣoṣo tó jẹrà sọ pé mi ò tọ́jú ilé. Ojúmọmọ ni mo máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Òdòdó àná á ká jọ, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìrudi tó fẹ́ là náà á ká jọ, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí oòrùn bá ti yọ, ọmọdé á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nínú ìdájí, pẹ̀lú ọkàn tí kò sí nílé, mò ń já, mò ń sọ sínú abọ́, mò ń wúre pé kí ọjọ́ náà san wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo wo inú abọ́. Mẹ́ta nínú ohun tó wà níbẹ̀ ò rọ rárá. Wọ́n le koko, orí wọn ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Mo wo ìdí àtẹ̀gùn, mo rí ibi tí mo ti já wọn, tó ń sun omi. Mo ká ọwọ́ lérí. Mo sáré wọlé, mo gbé abọ́ sórí tábìlì tí mo fi ń lọṣọ, mo ń wá òwú tí mo lè fi so wọ́n padà. Mo ṣì ń wá òwú yẹ́lò nígbà tí fèrè mọ́tò dún níwájú ilé. Mo fẹ́ wọ yàrá lọ sọ fún Màmá, ṣùgbọ́n Ẹyinjúẹgẹ́ ti wọlé, búrẹ́dì kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Màmá sì ti ń jáde bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ó gbá wọn mọ́ra. Ó wá di èjìká wọn mú, ó ń wo ojú wọn bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Màmá, àwọ̀ wo ni aṣọ tí mo wọ̀ yìí?"

"Ṣé o ò wò ó kí o tó wọ̀ ọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín mi ti pọ̀ jù. Ẹyinjúẹgẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Ìka mélòó lẹ rí lọ́wọ́ mi yìí?"

"Márùn-ún ni. Èmi ni mo kà wọ́n lọ́jọ́ tí mo bí ọ, mi ò sì gbọ́ pé o sọ ọ̀kan nù."

Wọ́n bu tíì fún un fúnra wọn. Wọ́n ń fetí gbọ́ bí ife ṣe ń kún, wọn ò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ẹyinjúẹgẹ́ wò mí, mo wo àjà. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ó ti jókòó dáadáa, ó ti bọ́ bàtà. Bí a bá ti jókòó síbẹ̀, mo gbà gbọ́ pé ì bá ti parí síbẹ̀.

Màmá ní, "Wá wo lílì mi."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ná, ọ̀nà jìn."

"Ó ti jókòó nínú mọ́tò láti àárọ̀, kí ló tún fẹ́ sinmi?"

Mo dìde lọ di apá wọn mú bí ẹni tó fẹ́ sìn wọ́n lọ. Mo tẹ apá náà. Mo tún un tẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí, ohùn wọn ròkè, "ṣé ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni apá mi, tó o fi ń pò ó?"

Mo jáwọ́.

A sọ̀kalẹ̀ sínú ọgbà. Màmá lọ síwájú, wọ́n ń fi hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: dáísì rèé, òdòdó àlùkò rèé, gbọ́ bí oyin ṣe pọ̀ lórí rẹ̀, róòsì rèé, má fara kàn án o, kò mọ ọmọ onílé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Ẹyinjúẹgẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a padà dé ìdí àtẹ̀gùn, Màmá dúró, wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀. "Ààyò mi wá rèé. Wo àwọn mẹ́ta tó là láàárọ̀ yìí, wo bí yẹ́lò wọn ṣe mọ́."

Ẹyinjúẹgẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, lílì yẹ́lò ti là lọ́ọ̀ọ́kán, nídìí ògiri. Ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà, orí ọ̀pá lásán ló wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún wò ó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa fi bá a. Tiwa ò tilẹ̀ tíì lọ jìnnà.

"Màmá," ó rọra sọ ọ́, "kò sí nǹkan níbẹ̀."

Màmá wá àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọwọ́, wọ́n jókòó. "Mi ò rí wọn. Mi ò rí aṣọ rẹ. Mi ò rí ojú rẹ, ọmọ mi, ó sì ti pẹ́ díẹ̀."

Ẹyinjúẹgẹ́ yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, o mọ̀. O mọ̀, o sì ń purọ́ fún mi."

Ohun tí mo pinnu ni pé kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ̀bẹ̀. Ẹnu mi ò bá mi pinnu. Mo ní, "Mo mọ̀, mo sì purọ́. Bí ẹ bá tún pè lọ́la, mo lè tún un pa. Ẹ ti bi wọ́n léèrè àwọ̀ aṣọ yín, ẹ ti bi wọ́n léèrè ìka yín. Ẹ ò tíì bi wọ́n pé níbo ni wọ́n fẹ́ gbé."

Ìyàwó ilé kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti jáde, kò ṣeé kó padà. Ẹyinjúẹgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbínú.

"Ìyá mi ni," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún láàárọ̀, ọwọ́ mi á dúró nínú ìyẹ̀fun, àyà mi á já. Bí wọ́n bá ṣubú, ta ló máa gbé wọn?"

"Ẹni tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí. Wọ́n fọwọ́ wá a kàn, wọ́n fà á jókòó tì wọ́n. "Gbọ́. Nínú ilé yìí, mo mọ ohùn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìgbà tí oòrùn bá dé ìdí róòsì, nítorí ó máa ń kàn mí lẹ́sẹ̀. Àárọ̀ mi níṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ mi níṣẹ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi, mo sì ń dúpẹ́ pé mo bí ọ. Ṣùgbọ́n níbí, mi ò ríran ni. Lọ́dọ̀ rẹ, màá di afọ́jú."

Ẹyinjúẹgẹ́ dìde, ó wọlé lọ bọ́jú. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè wo Màmá. Ìgbà tó jáde padà, abọ́ mi ló gbé lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé pé mo gbé e sórí tábìlì. Òdòdó mẹ́ta ti là nínú rẹ̀, wọ́n là kalẹ̀, yẹ́lò wọn ń tàn láàárín àwọn tó ti rọ.

"Ta ló já èyí?"

"Èmi ni," ni mo wí. "Mo rò pé ti àná ni. Àwọn tí Màmá fẹ́ fi hàn yín nìyẹn. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti fọwọ́ kàn wọ́n, tí wọ́n ní òní ni wọ́n máa là."

Ó wo abọ́. Ó wo orí ọ̀pá mẹ́ta náà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú òdòdó náà, ó fi í sí wọn lọ́wọ́. Màmá fi ìka yí etí rẹ̀ po, wọ́n ní ó là dáadáa. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, orí ọmọ lórí itan ìyá. Èmi wọlé lọ gé búrẹ́dì, nítorí bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹkún mi máa ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ó lo ọjọ́ náà pẹ̀lú wa. Ó bínú sí àtẹ̀gùn iwájú ilé bí ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí, ó sì pe wẹ́dà pé kó wá fi irin sí i tí Màmá á máa dì mú. Ó ní òun á máa wá lóṣooṣù. Ó ní, "Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì ná." Màmá ní kó sùn sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti pẹ́ tí tirẹ̀ ti ń dún. Nígbà tó ń lọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Ìyàwó wa, má tún purọ́ fún mi mọ́."

"Mi ò ní purọ́ mọ́, bí ẹ ò bá ti gbé òdòdó oníke wá."

Ó gbá mi mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Ara rẹ̀ ń ta sánsán búrẹ́dì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkàntọkàn ni, mo sì dúró síbẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ mọ́.

Màmá ṣì wà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ti já wọn, mi ò ráyè. Ọwọ́ mi ló kó bá yín."

"Mo ti mọ̀ kí o tó wọlé láàárọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Fèrèsé mi ṣí sílẹ̀. Òdòdó àná kì í dún bí wọ́n bá já a, ó ti rọ̀. Ìrudi ló máa ń dún. Mo gbọ́ ọ nídìí àtẹ̀gùn, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo ní, ìyàwó mi ti ṣẹ́ àwọn ẹlẹ́rìí mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń wò wọ́n. "Ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ sì mú un lọ síbẹ̀? Màmá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó ti gbà. Kí ló dé?"

Wọ́n wá ọwọ́ mi rí, wọ́n dì í mú.

"O ń purọ́ fún un lórí fóònù, mò ń gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe ń gbọ̀n. O ń purọ́ fún aládùúgbò, o ń purọ́ fún ẹni tó bá wá kí mi. Torí mi ni. Ìwọ lò ń bá mi ríran, ọmọ mi. Ẹni tó ń bá èèyàn ríran, kò yẹ kó tún máa bá a purọ́."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ ṣé. Mo gbé ọwọ́ wọn sí ojú mi tó ti tutù, kí wọ́n lè mọ̀.